Imú Mi àti Kọfí Oko Kan

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Àwọn tí a bí: àbúrò mi obìnrin di ìyá àgbà lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin ni, wọ́n ní ó ti ń wo èèyàn lójú bí ọlọ́pàá. Ọmọ mi obìnrin bí ọkùnrin lóṣù kìíní. Èmi ló jọ níwájú orí, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé bàbá rẹ̀ ló jọ.

Àwọn tó ṣègbéyàwó: ọmọ àgbà tí àkọ́bí mi bí, nọ́ọ̀sì ló fẹ́. Alápatà ìsàlẹ̀ àdúgbò náà ṣègbéyàwó, a kò tíì mọ ohun tí ìyálé sọ sí i.

Olùkọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ àwọn àgbà ló ní kí a fi ohun ayọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé wa kí ọwọ́ wa lè rọ̀. Ó ní òun kò ní kà á, ṣùgbọ́n kí a má fi òwe kún un, kí a sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí. Èmi ló ń wò nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun ayọ̀ tán. Ọ̀fìnkìn tó dá mi dùbúlẹ̀ lóṣù tó kọjá ti lọ, ó sì kó òórùn lọ. Mo gé àlùbọ́sà lónìí, mo gbé e sí imú, bí ẹni gbé òkúta sí imú ni. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ooru mú gan-an. Mílíìkì alágolo tún ti gbówó lórí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ayankọfí yan kọfí láàárọ̀ yìí. Òun ló háyà yàrá iwájú ilé mi. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò tóbi ju ìkòkò àsè lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń yan lẹ́ẹ̀kan, á sì dúró tì í bí ẹni dúró ti ọmọ tuntun. Látìgbà tó ti dé ni mo ti máa ń yọ orí lójú fèrèsé bí èéfín bá ti jáde, tí màá sọ fún un bó ṣe rí: èyí dùn, èyí ti fẹ́ jóná, tètè gbé e. Lónìí ó gbójú sókè, ó bi mí bó ṣe rí. Mo ní ó dùn.

Irọ́ ni. Èéfín wọlé, ojú mi ṣomi, imú mi kò mọ̀ pé nǹkan kan kọjá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́.

Obìnrin kan tó ní ilé oúnjẹ ńlá lójú títì wá tọ́ kọfí wò, òun àti alásè rẹ̀. Kọfí tuntun ni, oko kan ṣoṣo lórí òkè ni gbogbo rẹ̀ ti wá, Ayankọfí kò da ti ibòmíràn mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á máa rà á lóṣooṣù. Ó ti pẹ́ tó ti ń lé irú oníbàárà bẹ́ẹ̀. Nítorí àlejò, mo dìde ní kùtùkùtù, mo kó gbogbo ife rẹ̀, mo fi ọṣẹ olóòórùn tí ọmọ mi rà fún mi fọ̀ wọ́n, mo tún fi omi ọṣẹ náà nu tábìlì. N kò sọ fún un. Mo fẹ́ kó dé kó bá wọn tí wọ́n ń dán.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á lọ kọfí sínú ife, wọ́n á da omi gbígbóná lé e, wọ́n á jẹ́ kó jókòó títí yóò fi yọ ìpele tó nípọn lójú. Lẹ́yìn náà wọ́n á tẹ orí ba, wọ́n á fi ẹ̀yìn ṣíbí ti ìpele náà sẹ́yìn, wọ́n á fa òórùn rẹ̀ símú. Ìgbà náà ni wọ́n á wá bu ú, tí wọ́n á fà á sẹ́nu, fìììrì, ariwo tí mo gbá gbogbo ọmọ mi lẹ́nu nítorí rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

Obìnrin náà tẹ orí ba, ó tún gbé e sókè. Ó wo alásè. Alásè gbóòórùn tirẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ pé, “Balùwẹ̀ ni mo ń gbọ́.” Ayankọfí gbé ife sí imú, ó wò mí níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà tí mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣoore. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n ní àwọn á pè é.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo lọ kan ilẹ̀kùn Ayankọfí. Mo ní èmi ni mo fọ ife. Ó ní òun mọ̀.

“Ọṣẹ yẹn le débi pé ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́ ọ, Màmá. Báwo ni ẹ̀yin ò ṣe gbọ́ ọ?”

Mo wá sọ fún un. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ fún. Kò kí mi ní pẹ̀lẹ́, mo sì fẹ́ràn ìyẹn lára rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti rí irú rẹ̀ rí, pé imú lè kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ padà bí a bá ń rán an létí. Ó ní kí n máa gbé imú lé ife kọfí tuntun yẹn láràárọ̀, kí n máa rántí bí kọfí ṣe máa ń rí. Mo ní kí ló dé tó jẹ́ èyí tó wọ́n jù lọ nínú ilé.

“Kọfí tí wọ́n pò mọ́ra, àpò kan kì í jọ èkejì,” ló wí. “Èyí, oko kan ni, ìkórè kan ni, ọwọ́ kan ló yan án. Kò ní yí padà mọ́ yín lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́ ìyípadà, ẹ mọ̀ pé imú yín ló yí padà.”

Òwe méjì wá sí mi lẹ́nu, mo gbé wọn mì.

Ó so ìwé pélébé kan mọ́ àpò kọfí tó fún mi, ó kọ bí kọfí náà ṣe ń dùn sí i lára. Mo yí i kọjú sí ògiri. Nígbà tí n kò mọ̀wé kà, ìwé kò lè tàn mí. Ní báyìí, bí mo bá kà á, ẹnu mi á kàn máa sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ṣí gáàsì láti gbé omi kaná. Mo yíjú láti mú ìṣáná, mo rí iṣẹ́ àṣetiléwá mi lórí tábìlì, mo jókòó tì í. Ọmọ mi obìnrin wọlé tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Ó sáré pa gáàsì, ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó gbé ọmọ jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún.

N kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, kì í ṣe ẹkún rẹ̀. Ilé ti kún fún gáàsì, mo sì ń kọ lẹ́tà dáadáa lórí ìlà.

Kí n tó sọ pé kó má pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti pè é.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àkọ́bí mi wá. Kò jókòó sórí àga, ilẹ̀ ló jókòó sí lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, mo sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ló gbé bọ̀.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sọ́dọ̀ mi. Mo ti kun yàrá yín.”

“Àwọ̀ wo?”

“Búlúù.”

“Ó máa rẹwà. Kí ìyàwó rẹ máa kó aṣọ sí i.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí kò gbọ́ òórùn gáàsì kò lè máa dá gbé. Mo ní imú ló kú, èmi ò kú. Ó ní kí n má baà kú náà ni òun ṣe wá. Mo dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ bu omi.

Ohun tó sọ gbẹ̀yìn rèé: bí imú mi kò bá ṣiṣẹ́ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, òun á wá kó mi, a ó sì fi gbogbo ilé yìí háyà. Ó dá mi lójú pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn ni mo rán títí ilé yìí fi dúró. Bàbá wọn kú kí a tó kan páànù. Abẹ́rẹ́ mi ló kan páànù yìí. Kí ló kan imú níbẹ̀?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Kọfí láàárọ̀. Omi gbígbóná, ó korò, ó kan díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n. Imú: òfo.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Òfo.

Oníṣẹ́ iná wá. Mo ní kó yọ gáàsì kúrò pátápátá, mo sì ra sítóòfù oníná olójú méjì. Nígbà tó dárúkọ iye rẹ̀ mo ní kó tún un sọ bóyá ó ṣì sọ. Ó tún kan ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ àjà tó ń ké bí èéfín bá pọ̀ nínú ilé. Nígbà tí Ayankọfí yan kọfí ní ọ̀sán, nǹkan yẹn ké títí alápatà fi sáré wá tòun ti ọ̀bẹ. Mo ní kò sí nǹkan kan, ó ń ṣiṣẹ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ó rùn.

Mo tẹ orí ba ife náà bí mo ṣe ń ṣe láràárọ̀, mo sì fò sẹ́yìn. Táyà tó ń jóná nínú òjò ni mo gbọ́. Mo tún gbé imú sí i, ó tún rùn. Mo lọ pe Ayankọfí tèmi ti ife lọ́wọ́, mo sọ fún un pé kọfí rẹ̀ ń rùn bíi táyà. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì bí ojú ẹnikẹ́ni tí a bá sọ irú rẹ̀ fún. Lẹ́yìn náà ni ó yé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo ń jó, mo da ìdajì kọfí sára. Ó ní ní gbogbo ọdún tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun kò tíì rí ẹni tó bú kọfí òun tó tún ń jó.

Ó ní ẹ̀gbọ́n òun náà gba ọ̀nà táyà kọjá. Òórùn máa ń kọ́kọ́ padà ní ìdàrúdàpọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń rùn báyìí: àlùbọ́sà, ìpara ọmọ, ìrọ̀rí mi. Búrẹ́dì lásán àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ń jẹ. Búrẹ́dì ti gbówó lórí, ó sì tún fúyẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ilẹ̀ tutù. Sókòtò ilé mi ti ń yọ̀ bọ́ nídìí. N kò ráhùn, imú tó ń gbọ́ òórùn burúkú sàn ju imú tó kú lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kàrún-ún

Wọ́n wá dán mi wò. Àkọ́bí mi to ife mẹ́ta sórí tábìlì, ó fi aṣọ dé wọn, ó ní kí n di ojú. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó rọra, kì í ṣe ìdánwò ilé ìwé. Ọmọ mi obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Ife kìíní, n kò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́fínńdà tí mo ń lò láti ọjọ́ yìí ni. Ife kejì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Kẹrosín ni. Ife kẹta, mo ní táyà jíjó.

“Kọfí ni, Màmá,” ni àkọ́bí mi wí. Kò fi ohùn yọ̀ mí. Ó dùn ún pé mo kùnà, mo rí i.

Mo ní ó dáa, mo ti kùnà. Mo wá mú wọn lọ sí ilé ìdáná. Mo fi ibi tí gáàsì wà tẹ́lẹ̀ hàn wọ́n, mo fi sítóòfù hàn wọ́n, mo gun àga, mo fẹ́ èéfín ìṣáná sí ẹ̀rọ òkè àjà títí ó fi ké. Gbogbo wọn di etí. Nígbà tó dákẹ́, ọmọ mi obìnrin là ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Bọ̀ọ̀dá, kí ló tún kù nínú ilé yìí tó máa jò tí a ò ní gbọ́?”

“Ẹ̀yin méjèèjì ti gbìmọ̀ pọ̀.”

“A ò gbìmọ̀. Èmi ni mo pè yín lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà ni mo ń bi yín báyìí.”

Mo ní kí àkọ́bí mi má dá a lóhùn kó má baà dìjà. Mo sọ fún un pé n kò mú wọn wọ ilé ìdáná kí n lè gbààyè lọ́wọ́ wọn. Mo pè wọ́n wá wò ni. Ó ní òun ṣì ń retí òpin oṣù. Kí wọ́n tó lọ, ó mu ife kẹta yẹn fúnra rẹ̀, ó sì béèrè òmíràn. Ó ní kò rùn rárá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Àkọ́bí mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù. Èmi ni mo kà á, kò sẹ́ni tó bá mi kà á. Ó ní òun kò lè sùn mọ́, pé òun kò ní dúró de òpin oṣù. Ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó ti fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́rùn-ún sínú àkáǹtì mi, kí n fi san owó ọkọ̀ àti ti àwọn alágbàrù.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà mo jókòó, mo kọ èsì. Òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ránṣẹ́ láyé mi: “Mi ò lọ. Bá mi kí ìyàwó rẹ.”

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọkọ̀ náà wá lóòótọ́. Awakọ̀ kan àti alágbàrù méjì, wọ́n ti wọ ìbọ̀wọ́. Mo jókòó sórí àga kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé èmi.

Awakọ̀ ní, “Màmá, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá bínú sí mi. Wọ́n ní ẹ ti mọ̀.”

“Mo mọ̀. Òun ni kò mọ̀.”

Ó fọwọ́ họ orí. Mo ní kí wọ́n wọlé jókòó, ẹni tó ti wakọ̀ wá kò gbọdọ̀ padà pẹ̀lú òùngbẹ. Mo po kọfí oko kan náà fún wọn. Awakọ̀ tọ́ ọ wò, ó gbé ife sílẹ̀, ó bi mí bóyá mo fẹ́ fi egbòogi pa òun ni. Ó bu ṣúgà sí i, ó tún bu ú, Ayankọfí tó wá bá mi gbé ife kọjú sógiri nítorí kò lè wò ó. Alágbàrù kékeré mu tirẹ̀ láìní ṣúgà, ó ní nǹkan wà nínú rẹ̀. Mo bi í pé kí ni. Ó ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Mo jowú rẹ̀.

Wọ́n gbé ọkọ̀ òfìfo lọ. Mo san owó epo fún awakọ̀, kì í ṣe òun ló ṣẹ̀ mí. Àkọ́bí mi kò pè.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Òjò láti òwúrọ̀. Obìnrin onílé oúnjẹ padà wá pẹ̀lú alásè rẹ̀. Ayankọfí ló lọ bẹ̀ wọ́n, ó ní kí wọ́n fún kọfí náà ní ààyè láti sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Omi gbígbóná lásán ni a fi ṣan ife. N kò fọwọ́ kan ọṣẹ láti àná.

Mo fẹ́ dúró sí ilé ìdáná, ṣùgbọ́n Ayankọfí fa àga kan fún mi sídìí tábìlì, ó gbé ife kan síwájú mi bíi ti gbogbo wọn. Nígbà tó tó àkókò, mo tẹ orí ba, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí ti ìpele náà sẹ́yìn. Mo ń dúró de táyà.

Táyà kò wá. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ń bó ọsàn nínú yàrá kejì, tí ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Ó lọ. Mo dúró. Ó tún padà, ó sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, kọfí sì tẹ̀ lé e, kọfí gidi, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kí ọ̀fìnkìn tó dé. Mo bu ú, mo fà á sẹ́nu pẹ̀lú ariwo tó mú kí alásè yíjú wò mí.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Kí lẹ gbọ́, Màmá?”

“Kọfí,” ni mo wí. Mo tún tẹ orí ba ife.

Wọ́n gbà á. Wọ́n á máa rà á lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n lọ, mo yí ìwé pélébé náà padà láti ògiri, mo kà á. Ọsàn àti oyin ni Ayankọfí kọ. Oyin kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ sun, kí n tó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Ọsàn láàárọ̀. Ọṣẹ lọ́sàn-án, díẹ̀. Kẹrosín aládùúgbò, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri.

Ayankọfí mú fóònù, ó fẹ́ pe àkọ́bí mi kó fún un ní ìròyìn ayọ̀. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Màmá, inú wọn á mà dùn.”

“Inú wọn á dùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ báyìí, ohun tí wọ́n á máa rántí ni pé imú ló gba ilé yìí sílẹ̀ fún mi. Bó bá tún lọ lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ká tún máa to ife?”

Ó ronú sí i. Ó ní ṣé kí òun purọ́ ni. Mo ní kí ó má purọ́, kí ó kàn máa yan kọfí rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Àkọ́bí mi pè. Ó kọ́kọ́ bi mí nípa òjò, ó bi mí nípa orókún. Lẹ́yìn náà ó ní, “Màmá, imú yẹn ńkọ́?”

“Fi imú sílẹ̀. Bó dá, mi ò lọ. Bí kò dá, mi ò lọ. Èwo lo fẹ́ bi mí nínú méjèèjì?”

Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bàbá rẹ̀ gan-an, ẹ̀rín ẹni tí agara dá. Ó bi mí pé kí ni kí òun wá fi yàrá búlúù ṣe. Mo ní kó má kó nǹkan kan sí i, mo máa wá sùn síbẹ̀ nígbà tó bá wù mí, màá sì padà sílé mi nígbà tó bá wù mí. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní òun á wá lọ́jọ́ Àìkú wo batìrì ẹ̀rọ òkè àjà yẹn, kí ó má lọ kú láìsọ fún wa. Mo ní kó wá, kọfí á wà. Ọjọ́ tó bá wá ni màá jẹ́ kó mọ̀ nípa ọsàn, lẹ́yìn tó bá ti gun àga tó sì ti sọ̀ kalẹ̀.

Mo ti ṣí fóònù, mo ń tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Mo yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí mo fún awakọ̀ fi ra epo kúrò nínú owó tó fi ránṣẹ́ fún ọkọ̀, torí ẹni tó rán an níṣẹ́ ló yẹ kó san án. Èyí tó kù ni mo ń dá padà fún ọmọ mi: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin.